Kòròfo ọta ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ti yìn: ibo la ti ń rí i, báwo la ṣe ń fọ̀ ọ́, èwo la ń kó dànù?

Akọ́ṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ láti máa tún ọta kì fúnra mi ni, mo sì ti ra ẹ̀rọ. Kòròfo ló kù. Alábòójútó pápá ìyìnbọn tí mo ń lọ ní kí n kó korobá kan tó ti wà lẹ́yìn ilé wọn láti ìgbà òjò. Nígbà tí mo dà á sílẹ̀, àyà mi já. Àwọn kan ṣì ń dán, àwọn kan dúdú bí èédú, àwọn kan ti ní àwọ̀ ewé lára, ẹrẹ̀ sì kún inú òmíràn débi pé n kò rí ìdí rẹ̀. Ní ti ìwọ̀n ọta, 9mm ló pọ̀ jù, àmọ́ mo rí .40, mo rí .45, mo sì rí àwọn tí n kò mọ orúkọ wọn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n kọ́kọ́ fọ gbogbo rẹ̀ ni, àbí kí n kọ́kọ́ ṣà á? Ẹnì kan ní kí n rẹ ẹ́ sínú fínígà mọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà.

Ẹ̀gbọ́n Pápá
Àbúrò, káàbọ̀. Má rẹ nǹkan kan sínú fínígà mọ́jú. Alágbẹ̀dẹ máa tó dé, á ṣàlàyé ìyẹn fún ọ ju bí mo ṣe lè ṣe é lọ.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe alábòójútó pápá, nítorí náà ibi tí kòròfo ti ń wá ni màá sọ̀rọ̀ lé lórí. Kòròfo tó wà nílẹ̀ ní ẹni tó ni ín. Ní pápá kan, ẹni tó yìn ín ló ni ín. Ní òmíràn, tí ẹ kò bá ti bẹ̀rẹ̀ mú tiyín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ó ti di ti pápá, òun ni wọ́n sì ń tà láti fi tún ibẹ̀ ṣe. Béèrè kí o tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ọ̀rẹ́ méjì tó bá ara wọn jà nítorí ẹ̀kúnwọ́ .45, tí ọ̀kan nínú wọn kò sì padà wá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Má ṣe kọjá ìlà láti lọ ṣà á nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣì mú ìbọn lọ́wọ́. Dúró títí wọ́n á fi kéde pé ìyìnbọn ti dúró, tí gbogbo ìbọn ti ṣófo, tí wọ́n sì ti gbé e sílẹ̀ ní ṣíṣí. Èyí tó bọ́ síwájú ìlà, fi sílẹ̀ fún pápá. Kòròfo kan kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ fi orí wewu.

Kòròfo tó dára jù ni èyí tí o rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ pé inú páálí ilé iṣẹ́ ni ọta rẹ̀ ti jáde, tí wọ́n yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yìnbọn kì í tún ọta kì rárá. Lọ bá wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ó kó kòròfo yín lọ ni?" Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á ní kí o máa kó o, inú wọn á tún dùn pé o gba ilẹ̀ fún wọn. Tí o bá tẹ́ aṣọ tapólì sí apá ọ̀tún ẹni tó ń yìn, níbi tí ọ̀pọ̀ jù lọ ìbọn ń tu kòròfo sí, kò ní fara kan iyanrìn rárá.

Tó bá jẹ́ pé ńṣe lo fẹ́ rà á, mọ̀ pé wọ́n ń tà á ní kíkà, wọ́n sì ń tà á ní wíwọ̀n. Kòròfo 9mm tó gbẹ, tó sì mọ́ máa ń tó nǹkan bí 250 nínú kílò kan. Ti .45 kò ju nǹkan bí 170 lọ. Tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n fún ọ ní tútù, pẹ̀lú iyanrìn nínú, omi àti erùpẹ̀ lo fowó rà. Ẹ ṣáà béèrè bóyá wọ́n ti yọ ti irin kúrò.

Èyí tí mo fẹ́ kí o gbọ́ jù nìyí: nínú korobá yẹn, ó ṣeé ṣe kí ọta tí kò tíì yìn wà. Kì í ṣe nǹkan tó ṣọ̀wọ́n. Ẹnì kan tẹ ìbọn, ìbọn kò dún, ó yọ ọta náà jù sílẹ̀, ó sì gbàgbé. Fọwọ́ kan kòròfo kọ̀ọ̀kan kí ó tó wọ inú ẹ̀rọ èyíkéyìí. Èyí tí òjé rẹ̀ (orí ọta tó ń fò jáde) ṣì wà lẹ́nu, má gbá a, má gbé e sún mọ́ iná, má kó o mọ́ àwọn yòókù. Dá a padà fún alábòójútó, òun ló mọ ibi tí wọ́n ń kó o sí.

Kí n tó dákẹ́: òfin kò rí bákan náà níbi gbogbo. Níbì kan, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ nípa kòròfo lásán. Níbòmíràn, púráímà (ife kékeré ìdí ọta tó ń ṣáná sí ẹ̀tù) nìkan ni wọ́n ń ṣọ́. Ibi kan sì wà tí kòròfo fúnra rẹ̀ nílò ìwé. Ìwé àṣẹ tìrẹ, kà á dé ìdí.

Aṣàyàn
Ṣà á kí o tó fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà tún un ṣà lẹ́yìn tí o bá fọ̀ ọ́ tán. Ìṣàkọ́kọ́ kò ní pẹ́. Èkejì ló gba sùúrù.

Fi òòfà bẹ̀rẹ̀. Nà án gba orí òkìtì náà. Gbogbo èyí tó bá gbá mọ́ ọn, irin ni, kódà bí wọ́n bá ti fi idẹ bò ó tó fi ń dán. Kó o sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà wá èyí tó fúyẹ́, tó sì funfun ràkọ̀ràkọ̀. Alumíníọ̀mù nìyẹn, kì í ṣe ohun tí a ń tún kì. Ṣọ́ra kí o má ṣì í mú fún idẹ tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò: níkẹ́ẹ̀lì ń dán bíi díńgí, ó sì wúwo bí idẹ lọ́wọ́. Ìyẹn ṣeé lò.

Ìgbà tó bá kan ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ ń le. Kòròfo .380 ṣe rẹ́gí pẹ̀lú 9mm lójú. Gígùn 9mm jẹ́ 19.15 mìlímítà, ti .380 sì jẹ́ nǹkan bí 17.3. Láàárín àwọn méjèèjì ni 9mm Makarov wà, ní nǹkan bí 18.1. Tó o bá kó wọn lé ọwọ́, kò sí ìyàtọ̀. Tó o bá to wọn sórí tábìlì lórí ìdí wọn, tí o wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ bá ẹnu wọn dọ́gba, àwọn kúkúrú á fara hàn bí ọmọ kékeré láàárín àgbà. .40 àti 10mm náà ń ṣe báyìí: ìdí kan náà, àmọ́ .40 jẹ́ nǹkan bí 21.6 mìlímítà, 10mm sì jẹ́ nǹkan bí 25.2. Ra kálípà kan tó dára, ìyẹn irinṣẹ́ tí a fi ń wọn gígùn nǹkan kékeré. Ka èyí tí wọ́n tẹ̀ sídìí náà. Tí ìkọ̀wé ìdí bá ti parẹ́ pátápátá, tí kálípà kò sì dá ọ lójú, kó o sí ti àkúfọ́.

Kòròfo kékeré tún máa ń fi ara pamọ́ sínú ńlá. 9mm á wọ inú .40, .40 á wọ inú .45. Bí o bá fọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n á há mọ́ra wọn, ìdọ̀tí inú kò sì ní jáde. Ajere oríṣiríṣi wà tí wọ́n ṣe fún èyí, tí ihò wọn tóbi jura lọ. Èyí tó tóbi á dúró lókè, kékeré á jábọ́ sísàlẹ̀. Mi ajere náà dáadáa.

Nínú .45, ohun kan wà tó ti fa ẹkún fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn ilé iṣẹ́ kan fi púráímà ńlá sí i, àwọn mìíràn fi kékeré. Ihò ńlá fẹ̀ tó nǹkan bí 5.3 mìlímítà, kékeré tó nǹkan bí 4.45. Tó o bá ń fi ẹ̀rọ tó ń yí kì í kíákíá, tí kékeré kan wọlé sáàárín àwọn ńlá, ẹ̀rọ á fẹ́ fi agbára ti púráímà ńlá sínú ihò kékeré. Púráímà tí wọ́n tẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè bú. Ní ọjọ́ tí mo ń ṣa .45, n kì í ṣe nǹkan mìíràn. Ìdí ni mò ń wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ iná.

Lẹ́yìn náà, tan tọ́ọ̀ṣì sínú kòròfo. Tó o bá rí ihò kan ṣoṣo láàárín gbùngbùn, ti Boxer ni, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ á yọ púráímà rẹ̀ láìsí wàhálà. Tó o bá rí ihò kékeré méjì, ti Berdan ni, abẹ́rẹ́ rẹ á kán síbẹ̀. Berdan yìí, ará Amẹ́ríkà ni, Boxer sì jẹ́ ará Gẹ̀ẹ́sì, àwọn méjèèjì gbé tiwọn jáde lọ́dún 1866. Síbẹ̀, ti Boxer ni Amẹ́ríkà ń lò jù lónìí, ti Berdan ló sì gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù fún ìgbà pípẹ́.

Àwọn 9mm kan wà tí ó ní àtẹ̀gùn nínú, bíi pé ẹnì kan fi òrùka há inú rẹ̀. Àyè ẹ̀tù kò pọ̀ nínú wọn, ara wọn sì máa ń pín sí méjì ní ibi àtẹ̀gùn náà. Dànù ni.

Alágbẹ̀dẹ
Ẹ̀gbọ́n Pápá ti pè mí, ó di dandan kí n dáhùn.

Idẹ tí wọ́n fi ń ṣe kòròfo, bàbà ìdá 70 nínú 100 ni, síǹkì ìdá 30. Àpòpọ̀ yẹn ló jẹ́ kó lè wú nígbà tí ẹ̀tù bá jó, kó dí ẹnu ihò ìbọn pa, kó sì tún sún padà kí ó lè jáde. Ohunkóhun tó bá fa síǹkì yọ ti ba agbára yẹn jẹ́. Fínígà ń ṣe é. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á jẹ ìdọ̀tí. Fún òru kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ síǹkì. Wàá mọ̀ nítorí pé idẹ á pupa, bí awọ ara tí oòrùn ti pa. Àwọ̀ pupa yẹn ni bàbà tó ṣẹ́kù lójú, kì í ṣe ìmọ́tótó. Tó bá jẹ́ díẹ̀ ní ojú kòròfo, mo lè fojú fò ó. Tó bá wọ̀ ọ́ dé inú, n kò ní í kì í.

Citric acid, ásíìdì tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́, ni mo máa ń lò. Ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lẹ́, ó sì fi ojú idẹ sílẹ̀ láìtètè dúdú padà. Ṣíbí kékeré kan nínú lítà omi gbígbóná kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Fi ọwọ́ rú u. Omi á yí padà sí àwọ̀ ewé. Dà á nù, kí o sì fi omi tó mọ́ ṣan kòròfo ní ẹ̀ẹ̀méjì tàbí mẹ́ta. Kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù.

Amóníà ni mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má fi kan idẹ láéláé. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìnu díńgí àti nínú àwọn ohun dídán idẹ kan, ka ara ìgò kí o tó dà á. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Íńdíà kó ọta wọn sí ilé ẹṣin nígbà òjò. Nígbà tí òjò lọ, wọ́n rí i pé idẹ ti là. Òórùn ìtọ̀ ẹṣin, tí amóníà kún inú rẹ̀, ló wọ ibi tí idẹ ti ní ìfúnpá, ó sì pín in. 1921 ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Moor, Beckinsale àti Mallinson, tó wá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ tán. Ojú lásán kò rí ìlà tíńtín náà títí di ọjọ́ tí ó bá ṣí lọ́wọ́ rẹ.

Ti àwọn tó ní àwọ̀ ewé lára: fi èékánná ha á. Tí àwọ̀ ewé náà bá bọ́ tí idẹ abẹ́ rẹ̀ bá dán, fọ̀ ọ́. Tí ó bá fi kòtò kéékèèké sílẹ̀, tí ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí ṣànpọ̀nná kọ, ó ti jẹ ẹ́ wọnú. Má kì í.

Ọwọ́-mímọ́
N kì í sábà sọ̀rọ̀ níbí, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ sí eléyìí.

Ìdọ̀tí dúdú tó wà nínú kòròfo kì í ṣe èéfín lásán. Ọ̀pọ̀ púráímà ní òjé, tó jẹ́ májèlé, nínú. Bó bá jó, òjé náà á di eruku kíkúná, á wà nínú kòròfo, á wà nínú ihò púráímà, á wà lára ọwọ́ rẹ. Kòròfo tó ti dán kò túmọ̀ sí pé eruku náà ti kúrò ní àyíká rẹ. Ńṣe lo gbé e bọ́ sínú ohun tó o fi fọ̀ ọ́.

Mo sọ èyí nítorí ìdílé mi. Ọdún méjì ni mo fi ń fi ẹ̀rọ gbígbẹ, tó ń mi kòròfo pọ̀ mọ́ kùùkù àgbàdo lílọ̀, dán kòròfo ní yàrá ìyókù ilé wa. Ọmọ mi ọkùnrin máa ń jókòó síbẹ̀ nígbà tí mo bá ń da kùùkù jáde sínú ajere, ó fẹ́ràn bí kòròfo ṣe ń dún. Mo rí eruku náà bó ṣe ń gòkè nínú ìtànṣán oòrùn tó gba fèrèsé wọlé, n kò rò ó rárá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló fi hàn mí. Òjé tí wọ́n rí ju máíkírógíráàmù 3.5 nínú dẹsílítà ẹ̀jẹ̀ kan lọ, èyí tí CDC, àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ń lò láti 2021 gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọmọdé. A kó gbogbo rẹ̀ kúrò nílé, a fi omi nu yàrá náà léraléra, nọ́ńbà náà sì lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn kòròfo yẹn nínú ajere.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí rèé. Mo wọ ìbọ̀wọ́ kí n tó fọwọ́ kan kòròfo tí wọn kò tíì fọ̀. Ìta ni mo ti ń da kùùkù, pẹ̀lú ìbomú tó ń dí eruku kíkúná, kì í ṣe aṣọ lásán. N kì í jẹun, n kì í mu sìgá, n kì í fọwọ́ kan fóònù níbi iṣẹ́. Omi tútù àti ọṣẹ ni mo kọ́kọ́ ń fi fọ ọwọ́, kí n tó lo omi gbígbóná lẹ́yìn náà. Aṣọ tí mo fi ṣiṣẹ́ kì í wọnú ilé, n kì í sì fọ̀ ọ́ mọ́ ti àwọn ọmọ. N kì í gbálẹ̀ ibẹ̀, torí ìgbálẹ̀ ń gbé eruku sókè. Aṣọ tútù ni mo fi ń nù ún. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́dọọdún tẹ́ ẹ bá ń ṣe èyí déédéé, kẹ́ ẹ sì ṣe ti ọmọ bí wọ́n bá wà nínú ilé.

Ẹlẹ́kùkù
Ọwọ́-mímọ́, a kí yín kú àfaradà. Àwa tá à ń fi kùùkù ṣe é tilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ yín dáadáa.

Síbẹ̀ kùùkù ni mo ṣì ń lò, nítorí kò nílò kí n gbẹ nǹkan. Èèpo walnut tí wọ́n lọ̀ ń jẹ ìdọ̀tí kíákíá, kùùkù àgbàdo tí wọ́n lọ̀ ń dán an. Mo máa ń pò wọ́n. Ìṣọ́ra mi nìyí: ìdérí ẹ̀rọ mi kì í ṣí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, mo gé aṣọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ sí wẹ́wẹ́ síbẹ̀ kó lè máa mú eruku mọ́ra, mo sì jẹ́ kí ẹ̀rọ dúró fún ìdajì wákàtí kí n tó ṣí i. Nígbà tí kùùkù bá ti dúdú, ó ti kún fún òjé, kì í ṣe ohun tí a ń dà sí ọgbà.

Wákàtí méjì sí mẹ́rin ló máa ń gbà mí. Kò pọn dandan kó dán bíi wúrà. Kí iyanrìn kúrò lára rẹ̀ kó má ha dáì mi (irin ẹ̀rọ tó ń tẹ kòròfo padà sí ìwọ̀n rẹ̀), kó sì jẹ́ kí n lè rí bó bá là. Ìyẹn tó.

Olómi
Ẹlẹ́kùkù, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mo ti fi kùùkù sílẹ̀ láti ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọmọ. Nínú omi, eruku kò lè fò.

Agbada tó ń yí bí ìlù ni mo ń lò, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ irin aláìdípẹtà kéékèèké tó wúwo tó kílò méjì àti díẹ̀. Mo fi nǹkan bí 400 kòròfo 9mm sí i, omi tó bò wọ́n mọ́lẹ̀, ọṣẹ ìfọwọ́ bíi ẹ̀kán mélòó kan, àti citric acid bí ìdá mẹ́rin ṣíbí kékeré. Kò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ó yí fún wákàtí kan àbọ̀. Nígbà tí mo bá ṣí i, omi náà dúdú bí táyà, kòròfo á sì jáde pẹ̀lú inú tó mọ́ bí ìta. Kùùkù kò lè dé inú ihò púráímà bẹ́ẹ̀.

Yọ púráímà kí o tó fọ̀ ọ́, kí omi lè jáde kúrò nínú ihò rẹ̀. Lo ìbọ̀wọ́, torí eruku púráímà á jábọ́ nígbà náà. Ṣọ́ abẹ́rẹ́: méjì lè há sínú ihò kan náà, ìgbà mìíràn sì wà tí ọ̀kan á lẹ̀ mọ́ inú kòròfo. Mi kòròfo, fi òòfà wá abẹ́rẹ́, tún mi í. Abẹ́rẹ́ tó kù sínú ọta á jáde lọ pẹ̀lú òjé.

Gbígbẹ ni iṣẹ́ tó kù. Yí i nínú aṣọ ìnura kí omi tó pọ̀ jù kúrò, kí o wá tẹ́ ẹ sí oòrùn tàbí kí o fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ padà sídìí oúnjẹ láéláé. Má gbé e sínú ààrò tó gbóná burúkú láti tètè gbẹ ẹ́, torí iná á sọ idẹ di rírọ̀ ní ìdí, níbi tó yẹ kó ti le jù. Omi ìfọ̀ dúdú yẹn, má dà á sí ibi tí ọmọ tàbí ẹran ọ̀sìn ti ń mu omi. Omi àti ohun tó sùn sísàlẹ̀ rẹ̀, ibi tí wọ́n ń gba ìdọ̀tí olóró ni mo ń kó wọn lọ.

Ẹlẹ́kùkù
Kí n sọ ohun kan sí ti inú tó mọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn. Kòròfo tí inú rẹ̀ mọ́ láìsí nǹkan kan lára máa ń le láti tẹ òjé sínú rẹ̀, tàbí kó lẹ̀ mọ́ irin tó ń la ẹnu rẹ̀. Ìdọ̀tí tí kùùkù fi sílẹ̀ níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí òróró díẹ̀.

Olómi
Òótọ́ ni. Mo máa ń da òróró ìtẹ̀ díẹ̀ sí i kí n tó kì í, ó sì tó.

Akọ́ṣẹ́
Ẹ ṣeun o. Mo ti fi òòfà ṣe é, mo sì ti yọ ọta mẹ́ta tí kò yìn, ẹ̀rù bà mí. Mo ní ìbéèrè kan: nígbà tí mo bá ti fọ̀ wọ́n tán, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó ti là? Ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ múná mọ́.

Aṣàyàn
Etí rẹ á ràn ọ́ lọ́wọ́. Ó lè dà bí àsọdùn títí wàá fi gbìyànjú rẹ̀. Kó kòròfo mẹ́fà tàbí méje sí àtẹ́lẹwọ́, mì wọ́n pọ̀ díẹ̀ kí wọ́n gbá ara wọn. Kòròfo tó pé ń dún bí agogo kékeré, ohùn rẹ̀ ń pẹ́. Èyí tó là ń dún ràkàràkà, bí agolo tí wọ́n tẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń tètè kú. Nígbà tí o bá gbọ́ ọ láàárín wọn, yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ohùn náà yóò fi lọ. Lẹ́yìn náà, wo ẹnu èyí tó o yọ náà lábẹ́ iná: ìlà tó tín-ín-rín bí irun wà níbẹ̀, láti ẹnu sọ̀ kalẹ̀. Níkẹ́ẹ̀lì ló ń là jù, torí ó le ju idẹ lọ. Mo ti kó ogún tí kò dún dáadáa, tí mẹ́tàdínlógún nínú wọn sì ní ìlà lẹ́nu.

Lẹ́yìn tí o bá gbọ́ ohùn, wo ara. Àwọn kan wú sí ìdí, ní apá kan, bíi ikùn. Ihò ìbọn tí kò gbé ìdí kòròfo dáadáa ló fa ìyẹn, .40 ló sì ń ní in jù. Dáì kò lè dé ìdí pátápátá láti tẹ̀ ẹ́ padà. Èyí tí wíwú náà bá ti di ìlà tàbí kòtò bí ẹ̀rín, jù ú nù láìròjú. Ju ti àwọn tí púráímà wọn ti tú jáde fúnra rẹ̀ nù pẹ̀lú. Ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ lo lè fi wádìí àwọn yòókù: yọ ọ̀pá ìbọn kúrò lára rẹ̀ nígbà tó ṣófo, ju kòròfo tó ti kọjá nínú dáì sínú rẹ̀. Ó yẹ kó bọ́ sínú pẹ̀lú ohùn kékeré kan, kó sì bọ́ jáde fúnra rẹ̀ bí o bá dojú rẹ̀ bolẹ̀.

Tí o bá rí òrùka kan tí àgbélébùú wà nínú rẹ̀ lójú ìdí, ti NATO ni, ẹgbẹ́ ológun àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀ oòrùn. Púráímà irú ìyẹn sábà máa ń ní etí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn. Yọ etí yẹn lẹ́ẹ̀kan, á dára fún gbogbo ìgbà tó kù. Mo fẹ́ràn wọn, torí púráímà tí etí rẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n yìn ín.

Alágbẹ̀dẹ
Ọ̀rọ̀ kan sí ti ìgbà tí wọ́n lè pẹ́ tó. .45 ń ṣiṣẹ́ ní ìfúnpá tí SAAMI, àjọ àwọn tó ń ṣe ìbọn àti ọta ní Amẹ́ríkà, fi sí 21,000 psi (ìwọ̀n ìfúnpá), 9mm àti .40 sì wà ní 35,000. Nítorí náà, .45 máa ń pẹ́ ju àwọn méjì yẹn lọ. Mi ò tíì rí ẹni tí .45 rẹ̀ gbó kó tó sọnù.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé àwọn kòròfo ọta ogun àtijọ́ wà nínú korobá rẹ, èyí tí púráímà wọn fi iyọ̀ sílẹ̀, omi ló ń yọ iyọ̀. Òróró kò lè yọ ọ́. Fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n kí ìdọ̀tí tó jẹ idẹ.

Akọ́ṣẹ́
Ẹ̀yin àgbà, mo ti padà. Ìta ni mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, ọmọ mi kò sún mọ́ ibẹ̀. Nínú korobá náà, mo yọ irin tó kún abọ́ ńlá kan, mo ní 9mm 1,140 tó dára, .40 206, .45 ńlá 118, .45 kékeré 31. Mo rí ihò méjì nínú mẹ́rìnlélógún, mo kó wọn dànù. Díẹ̀ nínú àwọn tó ní àwọ̀ ewé ló kọjá ìdánwò èékánná. Mo fetí sí ohùn wọn, mo sì gbọ́ ọ. Ó yàtọ̀ gan-an. Ọ̀kan wà tí mo gbé súnmọ́ iná, ìlà náà wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́, láti ẹnu, bí irun.

Ìbéèrè tó kù: àwọn tí mo kó dànù, kí ni kí n ṣe sí wọn? Nǹkan bí 380 ni, wọ́n wúwo.

Ẹ̀gbọ́n Pápá
Mú ẹ̀mú, tẹ ẹnu gbogbo wọn pa. Ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn rí wọn níbi tí wọ́n ń ra idẹ àlòkù, kó sọ pé ó wúlò, kó tún un kì. Fi òòfà nà án lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ti irin má bàa dà pọ̀ mọ́ ọn, torí wọn kì í san owó idẹ lórí rẹ̀. Sọ fún olùrà pé ọta yíyìn ni, torí àwọn kan kì í gbà á àyàfi tí wọ́n bá rí i pé kò sí púráímà tó ṣì wà láàyè níbẹ̀. Kí o tó dì í sápò, yẹ ìyẹn náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọta mẹ́ta tí kò yìn yẹn, ṣé o ti gbé wọn padà fún alábòójútó?

Akọ́ṣẹ́
Òwúrọ̀ ọ̀la ni. Wọ́n wà nínú agolo tí mo tì pa, nínú àpótí ìbọn.